Ta Ló Ń Dé Ìdí Ẹ̀rọ? Ìtàn Actuary àti Irinṣẹ́ Rẹ̀ Nínú Adójútòfò Ẹ̀mí

Ẹ lọ ka ìpolówó iṣẹ́ actuary ní ẹ̀ka adójútòfò ẹ̀mí, ìbáà jẹ́ ti London, ti Toronto tàbí ti Johannesburg. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí, gbólóhùn kan kì í pẹ́ yọjú: ẹni tó bá ti lo Prophet tàbí AXIS ni àwọn ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rò pé òun lè gbé irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù òun, kí òun sì fi òru mẹ́ta kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ Excel, yóò rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń tà á fún. Owó àṣẹ ìlò rẹ̀ kì í ṣe owó tí ẹnì kan ń yọ nínú àpò. Nítorí náà, kí o tó rí iṣẹ́, o gbọ́dọ̀ ti lo sọ́fítíwíà. Kí o sì tó lo sọ́fítíwíà, o gbọ́dọ̀ ti rí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn ará kíláàsì wa nínú, ó sì yẹ kó bíni nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Láti bí i 250 ọdún sẹ́yìn ni irinṣẹ́ ti ń pinnu ẹni tó máa wọ ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí àti ẹni tó máa dúró síta. A fẹ́ tọ ipa ìtàn náà, ká wo ẹni tó gòkè nígbà tí irinṣẹ́ tuntun dé, àti ẹni tó dúró sójú kan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wá láti ẹ̀ka mìíràn: actuary ni ẹni tó ń ṣírò iye tó yẹ kí oníbàárà máa san, àti iye tó yẹ kí ilé iṣẹ́ fi pamọ́ kó lè mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí oníbàárà máa kú. Ọjọ́ ikú ẹnì kan, Olódùmarè nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iye ẹni tó máa kú lọ́dún kan nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, èyí ṣeé fojú díwọ̀n bí àkọsílẹ̀ bá wà. Edmond Halley, onímọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù yẹn, ṣe é ní 1693. Àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ìlú Breslau, tó ń jẹ́ Wrocław ní ilẹ̀ Poland lónìí, ló lò; àlùfáà kan tó ń jẹ́ Caspar Neumann ló kó o jọ. Nínú àtẹ Halley, bí a bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọdún 1 tí wọ́n jẹ́ 1,000, àwọn 598 ló kù ní ọdún 20, 445 ní ọdún 40, 242 ní ọdún 60. Àtẹ ikú nìyẹn. Òun ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́, òun náà ló sì wà nínú ikùn gbogbo sọ́fítíwíà tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa lónìí.

Ó tó bí 70 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé iṣẹ́ lé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lórí. Ẹgbẹ́ adójútòfò ẹ̀mí kan, Amicable Society, ti wà ní London láti 1706, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọjọ́ orí díwọ̀n owó. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. James Dodson, olùkọ́ ìṣirò, wà lára àwọn tí wọ́n dá padà. Ó lọ jókòó, ó ṣírò bí ọmọdé àti àgbà ṣe lè jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, kí oníkálùkù máa san iye tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu nígbà tó wọlé, kí owó náà má sì yí padà títí ó fi máa kú. Dodson kú ní 1757, kò rí i. Ní 1762 ni àwọn tó tẹ̀ lé èrò rẹ̀ dá Equitable sílẹ̀. Edward Rowe Mores, ọ̀kan nínú wọn, ló mú orúkọ oyè “actuary” wá fún olórí òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń di actuary nígbà náà? William Morgan, tó gba ipò náà ní Equitable ní 1775, iṣẹ́ ìṣègùn ló kọ́. Richard Price, tó jẹ́ arákùnrin ìyá rẹ̀ tó sì ń gba Equitable nímọ̀ràn, ló mú un wọlé. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń fi ẹni mọ ẹni gbani síṣẹ́, ẹ gbọ́ o.) Ṣùgbọ́n ká má purọ́ mọ́ Morgan. Ó kọ́ iṣẹ́ náà débi pé Royal Society fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1789, ó sì wà lórí ipò rẹ̀ títí di 1830.

Àtẹ tí Price ṣe fún Equitable, láti inú àkọsílẹ̀ ìlú Northampton, ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Price fi iye ọmọ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wé iye òkú tí wọ́n sin. Àmọ́ àwọn onígbàgbọ́ kan pọ̀ ní Northampton tí wọn kì í ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Ọmọ wọn kò sí nínú ìwé ìbí, òkú wọn sì wà nínú ìwé ikú. Nítorí bẹ́ẹ̀, àtẹ náà fi hàn pé ènìyàn ń tètè kú ju bó ṣe rí lọ. Fún Equitable, ìbùkún lèyí: wọ́n ń gba owó bí ẹni pé ikú ń bọ̀ kíákíá, ikú sì ń fà sẹ́yìn, èrè ń gùn orí èrè. Ní 1808, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àtẹ kan náà, wọ́n fi ń ta annuity, ìyẹn owó tí wọ́n máa ń san fún ènìyàn lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tó bá wà láàyè. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà. Ẹni tó ń ta annuity, gígùn ẹ̀mí oníbàárà ló ń pa á lára. Àtẹ tó ń sọ Equitable di ọlọ́rọ̀ ló ń jo àpò ìjọba.

Ta ló rí i? Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. John Finlaison, ọmọ Thurso ní àríwá Scotland, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì àwọn ọmọ ogun ojú omi ní London. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni títo fáìlì àti ṣíṣe àkọsílẹ̀. Ó yẹ ìwé àwọn tí ìjọba ń san owó fún wò, ó rí i pé wọn ò kú bí àtẹ ṣe ní kí wọ́n kú, ó sì lọ sọ fún mínísítà ìṣúná ní 1819. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi í ṣe actuary fún gbèsè orílẹ̀-èdè. Ní 1828 wọ́n dá títa annuity lórí àtẹ Northampton dúró. Nígbà tí wọ́n dá Institute of Actuaries sílẹ̀ ní 1848, akọ̀wé yìí ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo akọ̀wé tó ń bá ìjọba ṣe ìṣirò náà ló mọ àtẹ lò. Finlaison nìkan ló lọ wo ibi tí wọ́n ti rí i.

Ní àkókò kan náà, irinṣẹ́ mìíràn ń gbèrú tó jọ sọ́fítíwíà ju bí a ṣe rò lọ. Ká ní ọkùnrin ẹni ọdún 40 kan fẹ́ kí wọ́n máa san £1 fún òun lọ́dọọdún títí òun á fi kú. Iye wo ló yẹ kó san lónìí? O máa mú iye àwọn tó kù láàyè ní ọdún 41 nínú àtẹ, o máa fi iye àwọn tó wà ní ọdún 40 pín in, o máa yọ èlé ọdún kan kúrò. Lẹ́yìn náà, ọdún 42, pẹ̀lú èlé ọdún méjì. Ọdún 43. Títí dé òpin àtẹ, nǹkan bí ìgbà 50, kí o tó wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ẹni ọdún 37 bá dé lẹ́yìn rẹ̀, o tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Johannes Tetens ní Kiel, ní 1785, àti George Barrett ní England lẹ́yìn náà, rí i pé ènìyàn lè ṣe ìsọdipúpọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ọjọ́ orí, kó tò ó sí ọ̀wọ́n, kó sì ro àròpọ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè sí ọ̀wọ́n kejì. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni 40 tàbí ẹni 37, ìpín kan ṣoṣo ni: nọ́ńbà ọ̀wọ́n kejì, fi ti àkọ́kọ́ pín in. Ó parí.

Griffith Davies ló gbé ọ̀nà yìí gbòòrò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1825. A fẹ́ràn ìtàn ọkùnrin yìí. Ọmọ Wales ni, ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta lójú òkè ló ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ kó tó dé London. Ó fi kíkọ́ni ní ìṣirò jẹun, ó sì di actuary ilé iṣẹ́ Guardian. Ohun tí kò ní lẹ́nu ọ̀nà, ó fi irinṣẹ́ tó ṣe fúnra rẹ̀ dí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n Davies ṣe nǹkan mìíràn tí kò sẹ́ni tó rò ó. Ó pín iṣẹ́ sí méjì. Kí ọ̀wọ́n náà tó dé, ẹni tó bá lè ṣírò annuity, ó di dandan kó mọ ohun tí annuity jẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, akọ̀wé tó bá ṣáà ti mọ ìpín lè fi ọ̀wọ́n dáhùn ìbéèrè oníbàárà láti àárọ̀ títí dalẹ́, láì mọ ìdí tí ìdáhùn náà fi tọ̀nà. Ẹnì kan ń to ọ̀wọ́n, ẹgbẹ̀rún ń ka ọ̀wọ́n. Láti ìgbà náà, gbogbo irinṣẹ́ tó dé ló ń fẹ ààlà yìí sí i.

Ibi tó ti hàn jù ni Prudential ti London. Ilé iṣẹ́ yìí yan àwọn tálákà ní oníbàárà. Aṣojú wọn ń lọ láti ilé dé ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń gba kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí alájọ ṣe ń yí ọjà ká pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. A máa ń ki ẹni tí orí rẹ̀ pé pé orí alájọ Ṣómólú ló ní, ẹni tó gba àjọ ọgbọ̀n ọjọ́ láìkọ orúkọ tí kò sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Ṣùgbọ́n orí alájọ Ṣómólú pàápàá kò lè gbé oníbàárà tó ń lọ sí mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Prudential ra ẹ̀rọ. Arithmomètre ni, èyí tí Charles-Xavier Thomas, ọmọ Colmar ní ilẹ̀ Faransé, gba àṣẹ rẹ̀ ní 1820. Thomas fúnra rẹ̀, oníṣòwò adójútòfò ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, Prudential tún ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tíì dán wò: wọ́n gba àwọn ọmọbìnrin síṣẹ́ akọ̀wé. Ọmọ àwọn ẹni iyì ni wọ́n ń gbà, ibi tí wọ́n ń gbà wọlé yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, owó wọn kéré, bí wọ́n bá sì ti lọ́kọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àwọn akọ̀wé wọ̀nyí ni nọ́ńbà ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Bí ìrírí irinṣẹ́ nìkan bá tó láti gbé ènìyàn ga, ó yẹ kí àwọn obìnrin kan ti di actuary kí ọ̀rúndún náà tó parí. Kò ṣẹlẹ̀. Institute of Actuaries kò gba obìnrin rárá títí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní 1923 ni Dorothy Davis di obìnrin àkọ́kọ́ tó yege gbogbo ìdánwò rẹ̀, nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn tí àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí ìṣirò ní Prudential. A kò sọ èyí láti fi dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ẹ̀rọ kò kọ obìnrin. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn ìdánwò ló kọ̀ wọ́n.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà yá díẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe ẹ̀rọ. John K. Gore, actuary ní ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Prudential ní ìlú Newark, ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣa káàdì oníhò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní àwọn ọdún 1890. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Edmund Berkeley, actuary ní ilé iṣẹ́ kan náà, lọ wo àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ó padà wá yí àwọn ọ̀gá lọ́kàn padà, Prudential sì bu ọwọ́ lu ìwé láti ra UNIVAC ní 1948. Ọdún yẹn gan-an ni Berkeley fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ti wà lára àwọn tó dá ACM, ẹgbẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà, sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Metropolitan Life ló wá gba UNIVAC sílé ní 1954.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá di ohun tí actuary fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ kàn, èdè tó gba ọkàn ọ̀pọ̀ wọn ni APL, tí Kenneth Iverson ṣe ní IBM. Àwọn àmì rẹ̀ jọ ohun tí babaláwo tẹ̀ sójú ọpọ́n, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ gbogbo ọ̀wọ́n Davies. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ẹni tó bá gbọ́ APL ní ilé iṣẹ́ adójútòfò, ẹni tí wọ́n ń wá kiri ni. Lónìí, ẹ ṣí ìpolówó iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bóyá lẹ máa rí ẹyọ kan. VisiCalc dé ní 1979, Lotus 1-2-3 ní 1983, Excel tẹ̀ lé wọn, ìlò APL sì ń rọlẹ̀.

Ọ̀wọ́n Davies náà rọlẹ̀, ó sì yẹ ká sọ ìdí rẹ̀. Èlé kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀wọ́n: ẹni tó bá tò ó ní 4%, 4% ló máa jẹ́ títí ayé. Nígbà tí èlé bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sọ̀kalẹ̀ bí omi òkun, tí ilé iṣẹ́ sì ń ta àdéhùn tí owó oníbàárà inú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọjà ìpín ìdókòwò, ó di dandan kí wọ́n máa tọ owó kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, lóṣooṣù pàápàá, fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ oríṣiríṣi ọjọ́ iwájú. Ní àárín àwọn ọdún 1980, David Wilkie tẹ àwòṣe kan jáde tó ń fi àfibọ́wọ́ dá ẹgbẹ̀rún ọjọ́ iwájú fún ìdókòwò àti ọ̀wọ́n-gógó. Ibẹ̀ ni àwọn sọ́fítíwíà bí Prophet àti AXIS ti rí àyè: ilé ìṣirò tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, tí ilé iṣẹ́ kàn ń ra àṣẹ láti wọ̀. Iye tí wọ́n tó hàn nínú àwọn tó rà wọ́n: FIS gba Prophet nígbà tó ra SunGard ní 2015, Moody's sì ra GGY, ilé iṣẹ́ Canada tó ni AXIS, ní 2016.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ ara wa, ẹ jẹ́ ká padà sí Equitable, ilé iṣẹ́ Dodson. Láti 1957 dé 1988, wọ́n ta àdéhùn ìfẹ̀yìntì tó ní ìlérí kan nínú: nígbà tí o bá fẹ̀yìn tì, o lè fi owó rẹ ra annuity ní iye tí a ti kọ sílẹ̀, bí ọjà tilẹ̀ ń san kéré sí i. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, kò jọ ohunkóhun. Ní àwọn ọdún 1990, èlé wálẹ̀, àwọn ènìyàn ń pẹ́ láyé sí i, ìlérí náà wá di àjàgà. Equitable gbìyànjú láti dín owó àjẹmọ́nú àwọn tó bá di ìlérí náà mú kù. Ẹjọ́ dé Ilé Lords, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn nígbà náà. Ní July 2000 àwọn adájọ́ sọ pé kò tọ́. Ohun tí ìdájọ́ yẹn máa ná wọn, nǹkan bí £1.5 bílíọ̀nù, kò sí nínú owó ìpamọ́. Ní oṣù December ọdún náà, ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí tó dàgbà jùlọ ní irú ọ̀nà yìí ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà tuntun.

Kò sí kọ̀ǹpútà tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí àwòṣe tó máa ṣírò ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú rẹ̀, bó ti wù kó yára tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àbójútó ìlànà iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn actuary fúnra wọn ní 2006, wọ́n gbé e fún FRC. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tó ń jẹ́ ASOP 56, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní October 2020, sọ pé actuary tó bá lo àwòṣe tí ẹlòmíràn ṣe gbọ́dọ̀ sapá láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí kò bá lè lóye rẹ̀ tó, kó jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú àbọ̀ rẹ̀. Ohun tí Finlaison ṣe láì sẹ́ni tó rán an ti di òfin iṣẹ́.

Kí wá ni ilé iṣẹ́ ń rà nígbà tó béèrè ìrírí Prophet? Ní èrò tiwa, àkókò ni. Láti January 2023 ni IFRS 17 ti ń fẹ́ kí wọ́n máa tún gbogbo owó ọjọ́ iwájú ṣírò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń gbé ìwé ìṣirò jáde. Ọ̀gá tí ọjọ́ ìjábọ̀ ti sún mọ́ kò ní sùúrù láti kọ́ ẹni tuntun ní bọ́tìnì. Nítorí náà, ìrírí náà níyì, ẹni tó bá sọ pé kò níyì ń tàn yín. Ó ń ṣí ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó sì ń jẹ́ kó rọrùn láti kúrò ní ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn tó ń lo irinṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ènìyàn di ẹni tó ń ti àwòṣe ní gbogbo òpin oṣù, tí wọ́n ń pè bí ẹ̀rọ bá dúró, tí wọn kì í pè bí wọ́n bá ń pinnu iye tí wọ́n máa tà á. Ẹni tí gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ orúkọ sọ́fítíwíà kan, kó rántí àwọn elédè APL.

Níbí, ọ̀rọ̀ náà ní ìdí mìíràn tó fi kàn wá. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004 fún òṣìṣẹ́ Nàìjíríà láǹfààní láti fi owó rẹ̀ ra annuity lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí. Ipò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 1808 ni àwọn ilé iṣẹ́ wa wọ̀ yẹn. Ẹ wá ṣí ìwé ìṣirò ọdọọdún wọn, ẹ wo apá tí wọ́n ti ń sọ àtẹ ikú tí wọ́n lò. Nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ máa rí A67/70 àti PA(90). Àtẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni méjèèjì. A67/70 wá láti inú ikú àwọn oníbàárà adójútòfò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1967 àti 1970, àwọn ọdún tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí. Àwọn actuary ń fi òye tún un ṣe, wọ́n ń fi ọdún díẹ̀ kún ọjọ́ orí tàbí kí wọ́n yọ ọ́, nítorí àtẹ tiwa tó péye ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá kó A67/70 sínú Prophet, kò ní béèrè bóyá Northampton ni tàbí Ìbàdàn. Á ṣírò rẹ̀ dé ẹyọ kọ́bọ̀.

Nítorí náà, a kò rò pé àṣẹ ìlò sọ́fítíwíà nìkan ló ń dí ọ̀nà. Láti 2019 ni Institute and Faculty of Actuaries ti ń fi R, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú ìdánwò CS1 àti CS2. Ọmọ Àkúrẹ́ àti ọmọ Edinburgh, irinṣẹ́ kan náà ló wà níwájú wọn. Ẹni tó bá mọ Python lè gba lifelib lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àwòṣe adójútòfò ẹ̀mí tí gbogbo ìlà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kó tú u palẹ̀ wò. Èyí tí òṣìṣẹ́ tó ń tẹ bọ́tìnì kì í sábà ráyè ṣe. Ohun tí a kò lè gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà: ẹni tó ra àdéhùn, ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ tó kú. Inú ilé iṣẹ́ nìkan ni ìyẹn wà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ tó bá wá ṣe IT lọ́dọ̀ yín, ẹ̀ka ìtajà ni wọ́n sábà máa ń dà á sí, kó máa pín ìwé ìléwọ́ kiri títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Ẹ bá wa gba ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún un ní ẹ̀ka actuarial. Ẹ yọ orúkọ oníbàárà kúrò nínú àkọsílẹ̀ ọdún mélòó kan, ẹ gbé e fún un pẹ̀lú àtẹ A67/70, kẹ́ ẹ sì ní kó wá sọ fún yín iye ikú tí àtẹ retí àti iye tó ṣẹlẹ̀.